Nígbà Tí Èsì Àyẹ̀wò Bá Jáde: Ìtọ́jú Àkọ́kọ́ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Wọ́n Ní Kòkòrò HIV

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ a máa roni. Nígbà tí àrùn éèdì kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àrùn kògbóògùn ni àwa Yorùbá ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu ní ìgbà náà, nítorí pé oògùn tí ó lè dá a dúró kò sí ní àrọ́wọ́tó wa. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àrùn náà ti ń gbọ́ oògùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì ní oògùn tí ń wò ó sàn pátápátá. Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ wa ní jàǹbá. Ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè rò pé ikú ti dé; òmíràn a sì fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ láìgba oògùn kankan.

Ìdí nìyí tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí fún ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ inú ìjọ, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Kókó ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: àyẹ̀wò ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, oṣù mẹ́fà tí ó tẹ̀lé e sì ni àkókò tí ó yẹ kí ìjọ di ọmọ náà mú ṣinṣin jù lọ.

KÍ NI HIV, KÍ SÌ NI ÉÈDÌ?

HIV ni orúkọ kòkòrò náà. Éèdì ni àìsàn tí ó ń yọrí sí bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí a ń pè ní CD4. Wọ́n dà bí ọmọ-ogun tí ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àrùn. Àwọn gan-an ni kòkòrò HIV ń pa díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìjẹ́ pé ẹni náà mọ nǹkan kan lára. Bí iye wọn bá lọ sílẹ̀ tí kò tó 200 mọ́ nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kékeré tí a fi ń kà wọ́n, àwọn àrùn tí ara ìbá lé lọ, bí ikọ́ ife, yóò ráyè wọlé. Ìgbà yìí ni ewu ń pọ̀ jù.

Ní ọdún 1981 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ kọ ìròyìn nípa àìsàn náà. Ní ọdún 1983 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Institut Pasteur ní ìlú Paris rí kòkòrò tí ń fà á. Ní ọdún 1986 ni a kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ọ̀nà tí kòkòrò náà ń gbà ràn kò pọ̀: ìbálòpọ̀ láìsí ìdáàbòbò, ẹ̀jẹ̀ tí ó ní kòkòrò nínú, abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ènìyàn méjì jọ lò, àti láti ọ̀dọ̀ ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbímọ tàbí nípa ọmú. Kì í ràn nípa ìbọwọ́, ìdìmọ́ra, àwo oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí ẹ̀fọn. Kì í sì í ràn nípa mímu nínú ife kan náà nígbà Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ó yẹ kí a sọ èyí ketekete nínú ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má baà máa sá fún ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú tábìlì Olúwa.

ÈÉṢE TÍ Ọ̀RỌ̀ ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́ FI GBA ÀKÍYÈSÍ?

Ìwádìí ńlá kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, tí a sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2019, fi hàn pé nínú 1,000 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, bíi 14 ni ó ní kòkòrò náà. Ti àwọn obìnrin tó 19 nínú 1,000, ti àwọn ọkùnrin sì jẹ́ 9. Ìjọ tí ó bá ní ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Ọ̀nà tí ó gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan dé ibẹ̀ kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Ẹnìkan wà tí ó kó kòkòrò náà nípa ìbálòpọ̀. Ẹlòmíràn wà tí a fi ipá bá lò. Ẹlòmíràn sì wà tí ó ti inú ìyá rẹ̀ bá a wá, tí òbí rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀ àgbà ti ń fún ní oògùn láti kékeré. Ìgbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di dandan fún un láti máa dá oògùn rẹ̀ lò, nínú yàrá tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń gbé. Nítorí náà, ìbéèrè pé “Níbo ni o ti rí i?” kò yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa.

Ohun kejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé ojú kan. Ó lè máa gba oògùn ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà tí ilé wọn wà ní Àkúrẹ́. Ní ọdún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì, kò sì parí títí di oṣù Kẹwàá. Ẹni tí oògùn rẹ̀ wà ní ìlú tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní láti wá ọ̀nà mìíràn ní gbogbo oṣù mẹ́jọ náà. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, a tún lè rán an lọ sí ìpínlẹ̀ tí ó jìnnà gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó ń bá a ronú ṣáájú, oògùn lè já lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí.

BÁWO NI ÀYẸ̀WÒ ṢE Ń LỌ?

Àyẹ̀wò náà kò nira. Olùgbaninímọ̀ràn yóò kọ́kọ́ bá ẹni náà sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, yóò sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gún un ní ìka díẹ̀, a ó sì kán ẹ̀jẹ̀ sí orí ohun èlò àyẹ̀wò. Èsì a máa jáde láàárín bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bá tọ́ka sí i pé kòkòrò wà, a kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìdájọ́. A ó tún fi irú ohun èlò mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó sọ èsì fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohun èlò tí ènìyàn lè rà fúnra rẹ̀, tí a fi ń nu ẹran ìdí eyín: bí ó bá tọ́ka sí kòkòrò, ilé ìwòsàn ni yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tí a kò bá rí kòkòrò lára rẹ̀ pẹ̀lú ní ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láìpẹ́ ni nǹkan náà ṣẹlẹ̀, àyẹ̀wò lè má tíì rí i. Kí ó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò tíì ju wákàtí 72 lọ tí a fi ipá bá ọmọ kan lò, tàbí tí abẹ́rẹ́ tí a ti lò fún ẹlòmíràn gún un, oògùn wà tí a ń lò fún ọjọ́ 28 láti dènà kòkòrò náà. Bí a bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ni ó ń dára tó. Àlùfáà tí a bá mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá ní òru kò gbọdọ̀ sọ pé kí ó di ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọdún 2014 ni a fọwọ́ sí òfin tí ó dènà ìdẹ́yẹsí àwọn tí wọ́n ní kòkòrò HIV ní Nàìjíríà. Òfin náà kò gbà pé kí a fi ipá yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò kí a tó gbà á sí iṣẹ́ tàbí kí a tó ṣe ohun tí ó tọ́ sí i fún un, kò sì gbà kí a tú àṣírí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ń ṣe àkóso ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti ìjọ, ẹ fi èyí sọ́kàn.

ỌJỌ́ TÍ ÈSÌ BÁ JÁDE

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ náà bá gbọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí a sọ fún un pé kò ní kú nítorí èyí bí ó bá gba ìtọ́jú, pé yóò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé yóò lè gbéyàwó tàbí lọ́kọ, yóò sì lè bí ọmọ tí kò ní kòkòrò náà. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Bí a kò bá tọ́jú ìyá, láti 15 sí 45 nínú 100 ọmọ ni ó lè kó o; bí ìyá bá ń lo oògùn bí ó ti yẹ, a lè dín in kù sí ìsàlẹ̀ 5 nínú 100.

Kí a má ṣe jẹ́ kí ó dá nìkan sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí ó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, kí a dúró tì í, kí a sì mú un padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ní àtijọ́, a máa ń dúró títí iye CD4 yóò fi lọ sílẹ̀ kí a tó fúnni ní oògùn. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo ẹni tí ó bá ní kòkòrò náà bẹ̀rẹ̀ oògùn láìwo iye yìí, Nàìjíríà sì tẹ̀lé e ní ọdún 2016. Nísinsìnyí, ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ọjọ́ tí èsì jáde gan-an, tàbí láàárín ọjọ́ méje. Àyàfi bí dókítà bá rí àmì ikọ́ ife tàbí àrùn inú ọpọlọ ni yóò ní kí a kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ní ọjọ́ náà tàbí láìpẹ́ sí i, a ó ka CD4 rẹ̀, a ó yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ife àti fún àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B, a ó sì wo bí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. A lè fún un ní oògùn tí ń dènà ikọ́ ife. Bí CD4 rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, a ó fi oògùn mìíràn kún un láti dènà àwọn àrùn yòókù.

OṢÙ MẸ́FÀ ÀKỌ́KỌ́

Oògùn tí a ń lò jù lọ fún àgbàlagbà ní Nàìjíríà lónìí jẹ́ hóró kan ṣoṣo lójúmọ́, tí a po oògùn mẹ́ta pọ̀ sínú rẹ̀: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Ní ọdún 2002, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn náà, 1,000 náírà ni aláìsàn ń san lóṣù, ilé ìwòsàn tí a ti ń rí i kò sì pọ̀. Láti ọdún 2006 ni a ti ń fúnni ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀ owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró. Ní oṣù Kejì, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra oògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kí ó lọ béèrè ní ilé ìwòsàn tí ó ti ń gba oògùn. Kí ó má ṣe jókòó sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí lè fọ́ ọ, inú lè máa rìn ín, oorun sì lè má kùn ún tó. Èyí a máa lọ fúnra rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ oorun ni kò jẹ́ kí ó gbádùn, kí ó máa lo oògùn náà ní òwúrọ̀. Kí ó má ṣe lò ó pọ̀ ní àkókò kan náà pẹ̀lú oògùn ọgbẹ́ inú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin nínú pẹ̀lú lè dín agbára rẹ̀ kù, nítorí náà kí ó béèrè lọ́wọ́ apòògùn bí yóò ti pín àkókò wọn. Kí ó sọ fún dókítà bí ó bá ń lo oògùn ikọ́ ife tàbí àgbo. Bí ó bá gbàgbé, kí ó lò ó nígbà tí ó bá rántí ní ọjọ́ náà. Kí ó má ṣe lo hóró méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ kejì.

Ohun kan wà tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn. Bí àwọn ọmọ-ogun ara bá ti ń jí padà, àìsàn tí ó ti fara pamọ́, bí ikọ́ ife, lè yọ jáde: ibà, ikọ́, kókó ọrùn wíwú. Ọ̀pọ̀ a sọ pé oògùn ni ó ń pa òun, wọn a sì dà á nù. Kí ó padà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, nínú oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ nínú ikú àwọn tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn ti ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ni a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ iye kòkòrò tí ó kù. Èsì yìí ni ó ń fi hàn bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí kòkòrò bá ṣì pọ̀, kí a má ṣe bínú sí i. Kí a bi í bí ó ti ń lo oògùn rẹ̀, níbo ni ó ń fi í pamọ́ sí, ta ni ó ń bẹ̀rù. A ó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí kòkòrò bá ti dín kù débi pé ẹ̀rọ kò rí i mọ́, kò lè ran ẹni tí wọ́n bá ní ìbálòpọ̀. Ìwádìí tí a ń pè ní PARTNER, tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, tẹ̀lé 888 ènìyàn méjì-méjì ní Yúróòpù, tí ọ̀kan nínú wọn ní kòkòrò, tí èkejì kò ní. Kò rí ẹyọ kan ṣoṣo tí ó kó o lára ẹnìkejì rẹ̀ tí ń lo oògùn dáadáa. Kí àwọn àlùfáà tí ń gba ìyàwó àti ọkọ ní ìmọ̀ràn fi èyí sínú ẹ̀kọ́ wọn.

ÀDÚRÀ ÀTI OÒGÙN

Ibi yìí ni ọwọ́ ìjọ ti lè gbé ọmọ dìde, ibẹ̀ náà ni ó sì ti lè tì í ṣubú. A gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń wonisàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hesekáyà ọba ń ṣàìsàn, tí Ọlọ́run sì ṣèlérí ọdún 15 fún un, wòlíì kan náà tí ó mú ìlérí wá ni ó ní kí a fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20:1-7). Ìlérí kò lé ìtọ́jú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olúwa wa rán àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àwọn tí òfin fún ní agbára láti yẹ̀ wọ́n wò (Lúùkù 17:14).

Ẹ kíyèsí i: bí ẹ̀rọ kò bá rí kòkòrò mọ́, oògùn ni ó ń dè é mọ́lẹ̀, kò tíì jáde kúrò nínú ara. Bí a bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Nítorí náà, kò sí òjíṣẹ́ Ọlọ́run kankan tí ó gbọdọ̀ ní kí ọmọ ju oògùn rẹ̀ nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn, kò sì yẹ kí a fi í sórí pẹpẹ láti jẹ́rìí. Bí ó bá fẹ́ gbààwẹ̀, oògùn náà ṣe é lò lálẹ́ lẹ́yìn ìṣínu. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ púpọ̀ kò yẹ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

OHUN TÍ ÀLÙFÁÀ ÀTI ÌJỌ LÈ ṢE

1. Ẹ pa àṣírí mọ́. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kí orúkọ rẹ̀ má ṣe wọ inú ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà, kí ẹ má sì ṣe sọ fún aya yín, fún ìgbìmọ̀ tàbí fún òbí rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

2. Ẹ bá a wá ẹnìkan ṣoṣo tí ó fọkàn tán, yálà ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ tàbí àgbà nínú ẹgbẹ́ àjùmọ̀sìn, tí yóò máa rán an létí oògùn, tí yóò sì máa bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

3. Ẹ bi í nípa ọjọ́ ìsinmi kí ó tó dé. Ó lè béèrè fún oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, tàbí kí ó gba ìwé láti máa gbà á ní ìlú mìíràn. Kí àgùnbánirọ̀ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọkọ̀.

4. Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ láti inú àpò àánú lè pa ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ títí di oṣù kẹfà.

5. Kí àlùfáà àti aya rẹ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní gbangba nígbà tí a bá pe òṣìṣẹ́ ìlera wá sínú ìjọ, kí a sì jẹ́ kí olúkúlùkù gba èsì tirẹ̀ níkọ̀kọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, kéde fún gbogbo ènìyàn pé éèdì ni ó fa ikú náà. Ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni àwọn méjèèjì. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1992, Gideon Byamugisha, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ùgáńdà, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ní kòkòrò náà, ó sì ń bá iṣẹ́ àlùfáà rẹ̀ lọ. Àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, ìlú sì jàǹfààní rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ wa bá ṣe tán láti sọ tirẹ̀, òun ni yóò mọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kan ilẹ̀kùn yín lọ́sẹ̀ yìí tí ó mú ìwé èsì lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, ẹ fún un ní omi, ẹ gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ní kí ó padà wá. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé yín, kí ẹ sì rí i dájú pé ó lọ.